Níbo Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Erúnmu,
Ọ̀sán Ọjọ́ Ajé.

Fúnmi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ẹ̀rù ilé tí ẹ kó lọ yẹn ń bà mí. N kò tíì kí ọ, n kò tíì béèrè ọkọ rẹ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọ, màá kí ọ títí ìwé á fi kún, n kò sì ní lè sọ ohun tó jókòó sí mi láyà. Irin mẹ́rìnlá ni mo kà lójú fèrèsé yàrá tí ẹ̀ ń sùn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ọ̀kan tó ṣeé ṣí nínú wọn. Láti ìgbà tí mo ti padà dé Erúnmu, bí mo bá ti di ojú báyìí, irin yẹn ni mo ń rí.

Ó yá, ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ṣé ara Báyọ̀ ọkọ rẹ le? Tólú ọkọ mi kékeré ńkọ́, ṣé ó ṣì ń ju nǹkan sínú bàtà? Èmi náà wà. Adìẹ kan pa ọmọ mẹ́jọ, àwòdì ti gbé méjì. Èyí nìkan ni ìròyìn tó wà nínú ilé yìí. Ilé oníyàrá mẹ́fà, ẹnì kan ṣoṣo, o mọ bó ti ń rí. Mo ṣì ń se ìrẹsì bí ẹni tí bàbá rẹ àti ẹ̀yin ọmọ mẹ́ta fẹ́ jẹun, n óò wá jókòó ti ìkòkò.

Mo mọ̀ pé inú rẹ kò dùn bí mo ṣe kó ẹrù mi. Mo ní màá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ yín ní Ọlọ́runṣògo, n kò lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Mo ní n kò rí ẹni bá mi fún àwọn adìẹ lóúnjẹ. Irọ́ ni. Ìyá Ràfíù tó múlé tì mí ti ń fún wọn. Ohun tó lé mi kúrò ni ọ̀rọ̀ tí o sọ sí mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, tí n kò lè fèsì rẹ̀. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń wá èsì náà. Òun ni mo jókòó kọ yìí, nítorí náà fara balẹ̀ kà á. Bí Tólú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, gbé e fún bàbá rẹ̀ ná.

Jẹ́ kí n rán ọ létí bí ọjọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ti múra tán, a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. O na ọwọ́ sínú báàgì rẹ, o kò bá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn onírin. O da báàgì sórí àga. O ní, “Bàbá Tólú, ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn lálẹ́ àná.” Ó ní, “Èmi kọ́ o. Ọwọ́ rẹ ni mo fi lé.” Ẹ gbé ìrọ̀rí, ẹ ká ẹní, ẹ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ yín ń pariwo láti ibi àtẹ̀gùn pé, “Ìyá Tólú, ẹ ò lọ mọ́ ni? Àbí Màmá ṣì ń lé tìróò?” Ó pẹ́ kí ọkọ rẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tó fi ké “Yéè!”, tó yọ kọ́kọ́rọ́ jáde nínú bàtà ọ̀tún. Tólú ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. O ní, “Màmá, ẹ kàn ń le ojú.” Ojú mi kò le, Àbẹ̀kẹ́. Irin ojú fèrèsé ni mo tún ń kà.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ní ìrọ̀lẹ́, mo wá sọ pé kí ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kó tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ilé tó fi pákó kàn pa. O ní, “Màmá, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀mejì lolè wọ ilé yìí kí a tó kó dé. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wá pa wá ni?” Mo ní, bí iná bá wá ṣẹ́ yọ ńkọ́? O ní, “Iná wo? Ta ló ríná níbí?”

Mo wọ yàrá lọ ká aṣọ mi.

Èsì mi rè é. Àpá tó wà ní èjìká òsì rẹ, kì í ṣe ògì gbígbóná ló dá a. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Iná ni. Èmi ni mo sì ti ọ́ mọ́ inú rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí, kí n má baà tún fi òdòdó sí i.

O kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ṣáṣá la wà nígbà náà, nínú ilé alámọ̀ kan tí a fi páànù bò, yàrá kan péré ni èmi àti bàbá rẹ ní. Mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà, iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ń dúró dè kò bọ́ sí i, ni mo bá kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fún mi ní màṣíìnì lọ́jọ́ tí mo ṣe fíríìdọ̀mù. Mo fẹ́ràn màṣíìnì yẹn débi pé mo ń fi aṣọ bò ó bí ọmọ tuntun. Nígbà tí wọ́n wá jí ti aránṣọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà gbé, oorun dá lójú mi. Mo yọ bàbá rẹ lẹ́nu títí ó fi pe wẹ́dà, tí wọ́n fi irin dí ojú fèrèsé kan ṣoṣo tó wà ní yàrá wa. Mo ní kí wọ́n fi ìrókò ṣe ilẹ̀kùn. Mo ra àgádágodo, irú èyí tí a kàn ń tẹ̀ pa, tí kì í béèrè kọ́kọ́rọ́ àfi bí a bá fẹ́ ṣí i. Etí ìró mi ni mo ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́, bí gbogbo obìnrin ilé náà ti ń ṣe.

Ọjọ́rú kan, ní ọ̀sán, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe àdúrà. Mo ti ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ oníbàárà láti àárọ̀. Ìwọ ń sùn lórí ibùsùn. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ní ẹyin iná inú rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀. Àjákù aṣọ wà nílẹ̀ níbẹ̀, n kò gbá a. Mo bọ́ ìró mi sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, mo wọ sùtánà funfun ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo sọ lọ́kàn mi pé kí o tó jí, màá ti dé. Mo fa ilẹ̀kùn, mo tẹ àgádágodo, ó dún “kọ́ọ́”. Mo rántí pé inú mi dùn sí bó ti dún. Ni mo bá fi ẹsẹ̀ lásán gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ṣé o ti rí i? Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ.

A kò tíì kọ orin kejì tán nígbà tí ìyàwó Álífà Ràímì, aládùúgbò wa, sáré dé ẹnu ọ̀nà. Kò wọlé. Ó kàn ń ké, “Ìyá Fúnmi! Kọ́kọ́rọ́! Kọ́kọ́rọ́ dà?” Mo sáré. Bí mo ti ń sáré ni mo ń fi ọwọ́ wá ìdí mi, mo ń wá etí ìró. Aṣọ funfun ni ọwọ́ mi ń bá. Ọmọ mi, n kò gbàgbé bó ti rí lọ́wọ́ mi: aṣọ tó mọ́ tónítóní, tí kò ní kókó kankan létí.

Nígbà tí mo dé, èéfín ń gba àárín irin jáde. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ. Ọkùnrin mẹ́ta rọ̀ mọ́ irin, kò mì. Wẹ́dà yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìrókò náà kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn kan ti gbọ́ ariwo ní ojúlé kejì, ṣe ni wọ́n ti ilẹ̀kùn tiwọn, wọ́n rò pé olè ọ̀sán ni. Álífà Ràímì, bíríkìlà ni, àlùwàlá ló ń ṣe lọ́wọ́. Ó ju búùtà sílẹ̀, ó gbé dígà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ fi irin sílẹ̀! Irin ò gbédè. Ẹ jẹ́ kí n bá ògiri sọ̀rọ̀.” Ó yíjú sí mi, “Ibo lọmọ wà?” Mo nàka. Ó lọ sí apá kejì, ó gún ògiri, amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó fà á ya bí àkàrà, ó rá wọlé, ó fi agbádá rẹ̀ wé ọ jáde. Àjákù aṣọ kan tó ń jó ti bà ọ́ ní èjìká. Ibẹ̀ nìkan.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń bú ògiri tó lanu. Èmi, ògiri tó lanu ló dá ọmọ mi padà fún mi. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ni ilé tiyín, Àbẹ̀kẹ́, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ sì wà. Ta ni yóò gbé dígà gun òkè wá bá búlọ́ọ̀kù sọ̀rọ̀?

Màṣíìnì jóná. Olè tí mo torí rẹ̀ ti ilẹ̀kùn kò wá rí.

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù nìyí, màá sì kọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà: kì í ṣe nítorí rẹ ni mo ṣe ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Nítorí màṣíìnì ni. Bí kò bá sí màṣíìnì nínú yàrá, ǹ bá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí ìyàwó Álífà máa yọjú sí ọ.

Bàbá rẹ kò bú mi. Ǹ bá fẹ́ kó bú mi. Nígbà tí a kó lọ sí ilé míì, kó tó gbé ibùsùn wọlé, ó kan ìṣó kan mọ́ ara férémù ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ. Gbogbo ilé tí a gbé títí a fi wá sí Erúnmu, bó ti ń ṣe nìyẹn. O máa ń bi í pé kí ló dé tó jẹ́ ìṣó ló ń kọ́kọ́ kàn. Á ní, “Ilé tí kò bá ní ìṣó, kì í ṣe ilé.” Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀ ń pè é ní Bàbá Oníṣòó. Ó bá mi pa àṣírí náà mọ́ títí ó fi kú. Láti ìgbà tó ti lọ, èmi nìkan ló kù tí ń gbé e.

Wàyí o, gba ìmọ̀ràn mi. N kò sọ pé kí ẹ ṣí ilé sílẹ̀ fún olè. Mo mọ olè, n kì í ṣe ará oko tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé tí olè kò lè wọ̀, tí onílé náà kò lè jáde, orúkọ míì ló ń jẹ́.

Èkínní, kan ìṣó. Má dúró de ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kàn án sí ibi tí ọwọ́ ìwọ àti ọkọ rẹ tó, tí ti Tólú kò tó, kó má sì sún mọ́ fèrèsé tí ẹni tó wà níta lè ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti wà nílé, kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú báàgì mọ́ láé. Bí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn, orí ìṣó ló ń lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin méjèèjì di ojú, kí ẹ ti orí ibùsùn rìn dé ibẹ̀, kí ẹ mú un, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn. Báyọ̀ á rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kó ṣe é. Èéfín kì í jẹ́ kí ènìyàn lajú.

Èkejì, irin fèrèsé. Ẹ má yọ ọ́. Ẹ pe wẹ́dà, kó gé ti fèrèsé ẹ̀yìn, èyí tó wà lókè òrùlé onísìmẹ́ǹtì ilé ìdáná, kó fi híńjì sí i kó máa ṣí bí ilẹ̀kùn kékeré. Kí ẹ fi àgádágodo sí i láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ náà ní ìṣó tirẹ̀ nítòsí. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, tí a torí rẹ̀ jà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, Àbẹ̀kẹ́. Kí ló dé tí ọ̀nà kan á fi jáde nínú ilé tí ìdílé mẹ́fà ń gbé? Pákó tí wọ́n kàn mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀pá irin rọ́pò rẹ̀, èyí tí a ń fi dábùú ilẹ̀kùn láti inú. Olè kò lè gbé e láti ìta. Ẹni inú ilé kò nílò kọ́kọ́rọ́, yóò kàn gbé e sókè ni. Ti géètì náà, ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń bá onílé mójú tó ilé ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mọ̀, ó sì jẹ́ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí náà ń lọ sí ìsìnkú, ó ń lọ kí àna rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tí mo wà níbẹ̀ ńkọ́, ṣé kì í ṣe inú géètì la dúró sí títí ó fi ti mọ́ṣáláṣí dé?

Ìwọ má dìde sọ ọ́ nínú ìpàdé ayálégbé o. Ẹ̀yin lẹ dé kẹ́yìn, wọn á ní ìyàwó kékeré fẹ́ kọ́ àwọn ní ilé gbígbé. Ìyàwó onílé ni kí o lọ bá, lọ́sàn-án, kí o kúnlẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò. Sọ pé, “Màmá, ilé yín ló ń ká mi lára.” Má sọ pé ẹ̀mí ẹ̀yin ayálégbé ni. Ẹ̀mí ayálégbé kì í ká onílé lára tó ilé rẹ̀.

N kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Àwọn kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ta ló ni wọ́n? Mo mọ̀ pé epo ṣọ̀wọ́n, ẹni tó bá rí i á tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yin fi tiyín sábẹ́ àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tí ẹ ní. Kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé. Sítóòfù rẹ náà, gbé e kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, má sì bu kẹrosíìnì sí i nígbà tó bá ń jó, bó ti wù kí ebi pa yín tó. Kí ẹ sì fi ẹnu kò sí àmì kan. Nínú ilé yín, bí ariwo bá sọ, ṣe ni oníkálukú ń tún ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, bí wọ́n ti ṣe ní Ṣáṣá. Ẹ wá irin rímù táyà mọ́tò àlòkù kan, ẹ gbé e kọ́ sí ibi àtẹ̀gùn. Bí ẹnì kan bá lù ú, kí gbogbo yín mọ̀ pé iná ni, kí ẹ jáde.

Èyí tó kù, n kò fẹ́ kọ ọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo wà lọ́dọ̀ yín, o fẹ́ sáré pọn omi ní ilé kejì. Tólú ń sùn. O ní, “Màmá, ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ wà nílé.” Mo fẹ́ bi ọ́ pé bí n kò bá sí nílé ńkọ́? N kò bi ọ́, nítorí mo rí ojú rẹ. Ojú tèmi ni, ojú tí mo fi tẹ àgádágodo. Fúnmi, má ti ọmọ yẹn mọ́lé. Bí omi bá tán, kó tán. Gbé e pọ̀n lọ, tàbí kí o fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí o ké sí obìnrin ìsàlẹ̀. Kí olè kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́.

Èmi náà ní ìṣó tèmi. Ìṣó bàbá rẹ ni, ara férémù ló wà. Mo ṣe ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́, mo fún Ìyá Ràfíù. Láràárọ̀, bó bá ti kí ìrun Àsùbáà tán, á dúró lẹ́bàá ògiri, á ní, “Ìyá Fúnmi, ẹ jí ire bí?” Bí mo bá dáhùn, á máa lọ. Bí n kò bá dáhùn, òun ni yóò ṣílẹ̀kùn wọlé. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ohùn yẹn nìkan ni mo ń gbọ́ títí ọjọ́ fi ń kanrí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé kọ́kọ́rọ́ wà kí ẹlòmíràn má lè wọlé ni. Ó di ìgbà tó ku èmi nìkan kí n tó mọ̀ pé a tún ń ṣe é kí ẹnì kan lè wọlé tọni wá.

Dẹ́rébà tó ń kó ọjà láti Erúnmu lọ sí Ìbàdàn ni mo fi ìwé yìí rán. Ó ní òun ń padà ní Ọjọ́bọ̀. Fún un ní èsì, ì báà ṣe ìlà kan. Bí inú bá ń bí ọ sí mi nítorí àpá yẹn, kọ ọ́ síbẹ̀; ìbínú rẹ sàn fún mi ju kí n máa wo ẹnu ọ̀nà lọ. N kò ní kí o kọ ọ́ pé o dárí jì mí. Ohun kan ṣoṣo ni kí o kọ fún mi, kí o sì tètè kọ ọ́: níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà báyìí? Bí o bá kọ ọ́ pé orí ìṣó ni, màá mọ bí n óò ti ka ìyókù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.